Ikùn Márùn-ún Tí Abẹ́rẹ́ Rán

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ àbísọ pè é, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ó gùn, ó tín-ín-rín, kì í pariwo, ibi tó bá sì ti forí wọ̀, dandan ni kó gba òdìkejì jáde. Ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ funfun fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ka bọ́tìnnì ni tirẹ̀. Igba obìnrin ló ń jókòó ní ìlà-ìlà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, ariwo máṣíìnì a sì máa gbọ̀n wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé eyín. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú ni yóò fi sọ ọ́. Nítorí náà, àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ ojú kà ju ìwé lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó òwú sí, yàrá kékeré kan wà tí kò ní fèrèsé. Kàlẹ́ńdà ńlá kan ló bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nọ́ńbà obìnrin kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, oṣù méjìlá sì tò sí iwájú rẹ̀. Bí obìnrin bá rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ nínú yàrá yẹn kí wọ́n fi gègé pupa sàmì sí i. Bí àmì pupa kò bá hàn fún oṣù méjì, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ló ń tọ́jú ògiri náà. Ìyá Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń pè é, ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Òun náà ti ní nọ́ńbà lórí ògiri yẹn rí, kí ọjọ́ orí tó yọ ọ́ kúrò.

Òfin ìgbà náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ méjì, ó parí. Obìnrin tó bá ti lọ́kọ á gba káàdì olójú ewé méjì, ewé kan fún ọmọ kan. Ẹni tí kò ní káàdì kò lè rí ọsibítù bímọ sí, ọmọ tí kò sí nínú káàdì kò sì lè rí ilé ìwé wọ̀. Ní kété tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sí ewé kejì, wọ́n á fi ohun kékeré kan sínú ilé ọmọ obìnrin náà kí oyún mìíràn má baà dúró. Orúkọ rẹ̀ gùn nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n àgádágodo ni àwọn obìnrin ń pè é.

"Ṣé wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ?"

"Wọ́n ti tì í, wọ́n sì ti kó kọ́kọ́rọ́ lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́. Ara àwọn kan kò gba àgádágodo. Ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára wọn fún ọjọ́ méjìlá nínú oṣù, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ikùn mú, wọ́n á fi èkejì ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Obìnrin kan ní ẹ̀ka kọ́là gbìyànjú láti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ tirẹ̀, kò sì padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Òmíràn fi oyún kẹta pamọ́ títí ó fi pé oṣù méje. Ọkọ̀ ìjọba wá gbé e lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ó padà dé láìsí oyún, ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń rán kọ́là lọ. Ojú tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni kálukú ń fi í wò lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin méjì ni Abẹ́rẹ́ bí. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Oníná ni ọkọ rẹ̀, òun ló ń gun òpó tí wọ́n fi ń ta wáyà káàkiri ìlú. Àjà kẹrin ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì àti ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Abẹ́rẹ́ nígbà tí àgádágodo rẹ̀ já bọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Oṣù kìíní tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó rò pé àárẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù kejì, òórùn epo máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i nínú. Ẹni tó ti rin ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì kì í béèrè pé níbo ló já sí. Ó wọ yàrá kàlẹ́ńdà, ó pa irọ́.

"Ọjọ́ wo?" Ìyá Kàlẹ́ńdà bi í. Gègé pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àná ni, mà."

"Ó pẹ́ lóṣù yìí."

"Ẹ̀jẹ̀ ni ò tó lára mi, mà. Mi ò jẹun dáadáa."

Ìyá Kàlẹ́ńdà wo ojú rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó yí padà, ó sì sàmì sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú ni Abẹ́rẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń tún áyọ́ọ̀nù ṣe lórí tábìlì. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Wọ́n á dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́," ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mi ò mọ̀, bàbá àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn wá gbé mi."

Ọkùnrin náà ká wáyà áyọ́ọ̀nù náà jọ. "Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú mìíràn, wákàtí márùn-ún sí ti Abẹ́rẹ́ bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń bá igi sọ̀rọ̀ bó bá ń fá a. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti fẹ́ra, ojú ewé méjèèjì káàdì Tíṣà sì mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n fún un. Òfin ní káàdì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí obìnrin bá ti pé ogójì ọdún tí kò sì tíì lóyún. Ó ku oṣù mẹ́wàá.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà parí láìjá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú káàdì jáde láti abẹ́ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó fi lé orí tábìlì.

"Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí," ó wí. "Wo ojú mi, kí o wo tìrẹ. Nínú fọ́tò inú káàdì yìí, ta ni yóò sọ pé ìwọ kọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ lẹ ń tọrọ lọ́wọ́ mi?"

"Mi ò tọrọ. Ohun tó wà lórí tábìlì ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá máa ṣe é, a ò ní í ṣe é lábọ̀. Ọmọ tí mo bá bí lórí ìwé, ọmọ mi ni. Kì í ṣe pé mo bá ọ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kan. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

Ó yé e bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń yé ènìyàn kí ohun náà tó ṣẹlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ náà bẹ̀rù ikọ́ ju iná lọ, nítorí aṣọ ọsibítù ni wọ́n ń rán. Òṣìṣẹ́ tí ikọ́ bá mú àyà rẹ̀ á lọ sílé fún oṣù mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wú u tọkàntọkàn débi pé àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ sún àga wọn kúrò. Dókítà arúgbó kan tó jẹ́ ojúlùmọ̀ Káfíńtà kọ ìwé fún un, ìwé náà sì ní láti gba ọwọ́ Ìyá Kàlẹ́ńdà kọjá.

"Fọ́tò àyà dà?" Ìyá Kàlẹ́ńdà béèrè.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ wọn bàjẹ́, mà."

"Ẹ̀rọ wọn kì í yé bàjẹ́." Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó buwọ́ lù ú. Ó kọ "ikọ́" sí iwájú nọ́ńbà Abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́jọ gbáko, lẹ́tà kéékèèké tó dọ́gba. "Lọ tọ́jú ara rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́jọ o, nítorí ẹlòmíì ni yóò máa ka ìwé nígbà náà."

Àwọn ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ bàbá wọn. Wọ́n sọ fún wọn pé ìyá wọn lọ tọ́jú ikọ́ kó má baà ran wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé Tíṣà, Abẹ́rẹ́ tẹ́ òwú àti aṣọ funfun sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ikùn. Márùn-ún ló rán títí iṣẹ́ fi parí. Ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, á fi tépù wọn ikùn ara rẹ̀, á sì gé tuntun sí ìwọ̀n náà. Okùn méjì gba èjìká kọjá, bọ́tìnnì mẹ́rin wà lẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn ló fi iyanrìn sí nísàlẹ̀, nínú àpò kékeré kan, kí ẹsẹ̀ Tíṣà lè mọ̀ pé ẹrù wà níwájú. Nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ wọ ọ̀kan, tó sì rìn ín wò láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dá, ó sì jáde lọ sínú ìsọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni aboyún méjì ṣe wà nínú ilé kan, tí ọmọ sì jẹ́ ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá jáde, èkejì kò gbọ́dọ̀ jáde. Ní òwúrọ̀, Tíṣà á gbé ikùn òwú rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ní Ọjọ́rú, bí Tíṣà bá ti dé, tó sì ti bọ́ ikùn kọ́, Abẹ́rẹ́ á mú káàdì, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù àwọn aboyún ní òdìkejì ìlú níbi tí ẹnì kan kò ti mọ Tíṣà, á sì jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa ṣọ́ọ̀kì nínú kíláàsì, bọ́tìnnì kan já lẹ́yìn, ikùn náà sì yẹ̀ lọ sábẹ́ abíyá. Ó jókòó wàràwàrà, ó fọwọ́ dì í mú.

"Ọmọ yìí ń gbá bọ́ọ̀lù," ó wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ròyìn rẹ̀ nílé, òun àti Abẹ́rẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Abẹ́rẹ́ tún bọ́tìnnì náà rán, ó yí òwú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ dípò mẹ́rin.

Ọmọ náà dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọ aṣọ tí ilé iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ rán. Abẹ́rẹ́ rí i láàárín ìrora pé bọ́tìnnì kẹta láti òkè ti fẹ́ẹ́ já, inú sì bí i sí ẹni tó rán an.

"Ẹ kú ewu o, màmá!" nọ́ọ̀sì náà wí. "Àkọ́bí lẹ́ni tó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, ẹ sì bí i bí ẹni tó mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀."

"Ọmọ ló mọ ọ̀nà," Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ewé kìíní káàdì Tíṣà. Nítorí pé ewé kan ṣì ṣófo, kò sẹ́ni tó fi àgádágodo sí i.

Àádọ́ta ọjọ́ ni Abẹ́rẹ́ fi fún ọmọ náà lọ́mú. Ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta, ó fi ọ̀já fún àyà rẹ̀ pinpin, ó wọ aṣọ mẹ́ta lé ara wọn, ó sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní òun nìkan. Tíṣà kò lè sìn ín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọmọ, wọ́n sì kí ara wọn pé "ó dàbọ̀". Láàárín ọ̀nà, omi ọmú rin aṣọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì í wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ta á bò ó láyà, ó sì ń wo ìta fèrèsé lọ. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kò gba ìborùn náà padà.

Òfin ní kí wọ́n yẹ obìnrin tó bá ti lọ fún oṣù mẹ́fà wò kó tó padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n yẹ Abẹ́rẹ́ wò, wọn kò bá àgádágodo níbẹ̀. Obìnrin tó bá sọ tirẹ̀ nù, aláìbìkítà ni nínú ìwé wọn, wọn kì í sì í fi òmíràn sí i. Wọ́n á so ilé ọmọ rẹ̀ pa ni, kó má lè lóyún mọ́ láé. Ìyá Kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́fà mìíràn wà níwájú wọn.

"Ṣé ikọ́ náà lọ tán?" Ìyá Kàlẹ́ńdà béèrè.

"Ó lọ, mà."

"Ó rí ibi tó dáa lọ?"

Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. "Ó rí i, mà."

"Ó dáa. Àbúrò mi kan wà tí tirẹ̀ kò rí ibi lọ."

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ti wà nídìí bọ́tìnnì.

Ọmọ náà dàgbà. Pẹ́pẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí pẹ́pẹ́yẹ ló ṣe ń gbé ìdí. Màámi ló ń pe Tíṣà, Àǹtí ló ń pe Abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Abẹ́rẹ́ ń lọ wò wọ́n, á dì í nírun, á gé èékánná rẹ̀, á sì padà. Kò sí ìgbà tó lọ tí kò kó aṣọ dání. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, ó kó mọ́kànlá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà ká mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ó kó wọn padà sínú àpò.

"Àbúrò mi," ó wí, "ò ń wọṣọ fún un bí ẹni ń di ẹrù tó fẹ́ wá gbé."

"Aṣọ lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kì í ṣe aṣọ lásán. Mo bi ọ́ nígbà náà pé ṣé ó yé ọ."

Abẹ́rẹ́ kò lọ síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ikú Káfíńtà ló mú un padà lọ. Láti ìgbà náà, aṣọ tó ń kó dání kì í ju méjì lọ.

Ó tó bí ogún ọdún tí Pẹ́pẹ́ dáyé kí ìjọba tó yí ohùn padà. Wọ́n ní ọmọ ti wọ́n, ilé ìwé ń ṣófo, àwọn àgbàlagbà pọ̀ ju àwọn tí yóò tọ́jú wọn lọ. Àwòrán kan wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Wọn kò tilẹ̀ pa á rẹ́. Ayàwòrán kan wá, ó ya ọmọ kẹta sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kò sì sí àyè tó, ni ẹsẹ̀ ọmọ náà kò bá kan ilẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọjá níbẹ̀ láràárọ̀. "Ẹ wo ọmọ òfuurufú," wọ́n á wí.

Ìyá Kàlẹ́ńdà ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́mọbìnrin oníkọ̀ǹpútà kan ló wà nínú yàrá náà, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe, ó kàn ń ṣe é lódìkejì ni. Ẹni tí àmì pupa rẹ̀ bá ń dé déédéé ni wọ́n ń pè báyìí. Àkọ́bí Abẹ́rẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, ẹ̀ka ìgéṣọ ló wà, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta nílé ọkọ. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù mẹ́fà. Ní ilé ìwòsàn, àwọn obìnrin ogójì ọdún tò sórí ìlà láti yọ àgádágodo. Ti àwọn kan ti wọ ẹran ara. Àwọn tí wọ́n ti so pa, bíi Abẹ́rẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí tiwọn.

Ìkéde náà ní àǹfààní nínú. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á fẹ̀yìn tì ní ọdún márùn-ún ṣáájú àwọn yòókù, wọ́n á sì fún ìdílé rẹ̀ ní ilé nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ nígbà òfin àtijọ́ lè padà sórúkọ ìyá wọn, kò sí ìjìyà. Ẹni mẹ́ta ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù: ìyá tó bímọ, ìyá tí ìwé mọ̀, àti ọmọ náà.

Ọkọ Abẹ́rẹ́ ti já bọ́ láti orí òpó nígbà náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò sì dára mọ́. Bó bá ń gòkè lọ sí àjà kẹrin, á sinmi lójú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí àwọn aládùúgbò. Òun ló mú fọ́ọ̀mù náà wálé.

"Ìwé kan ṣoṣo ni," ó wí. "Òtítọ́ la ó sì kọ sínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ la parọ́."

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó wọ awò ojú, ó ka fọ́ọ̀mù náà bí ẹni ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó tilẹ̀ fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣi lẹ́tà kan kọ.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé 'ìyá tòótọ́' àti 'ìyá inú ìwé'. Èmi ni ìyá inú ìwé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní kí n fà á ya, màá fà á ya."

"Fún kí ni? Mo ti gbé ikùn òwú fún oṣù márùn-ún. Ìwé kò lè dẹ́rù bà mí." Ó buwọ́ lù ú. "Ṣùgbọ́n èmi ni yóò sọ fún un, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ."

Ilé iṣẹ́ omi ni Pẹ́pẹ́ ń lọ, òun ló ń bu omi gbogbo àdúgbò sínú ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó kí wọn, ó fẹ́ wọlé lọ bọ́ bàtà. Tíṣà ní kó jókòó. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un tààrà, láti orí kàlẹ́ńdà dé orí ikùn márùn-ún, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Pẹ́pẹ́ gbọ́ ọ parí. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e kalẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fún mi lọ́mú?" ó bi Abẹ́rẹ́.

"Àádọ́ta."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀?"

"Rárá. Èmi, bàbá wọn, màámi rẹ, àti bàbá rẹ Káfíńtà tó ti lọ."

Pẹ́pẹ́ na ọwọ́, ó gba fọ́ọ̀mù, ó kà á. "Àǹtí, èmi lẹ wá wò ni, àbí ìwé yìí?"

Abẹ́rẹ́ lè parọ́. Ó mọ irọ́ pa dáadáa. "Ìwé ló gbé mi wá," ó wí. "Bí kò bá sí ìwé, mi ò rò pé ǹ bá lè la ẹnu láé."

"Mo gbọ́. Nígbà tí wọn ò fẹ́ ọmọ kẹta, ẹ fi mí sí ewé kìíní ẹlòmíì. Mi ò bá yín jà sí ìyẹn, ibi tẹ́ ẹ fi mí sí dáa. Nísinsìnyí tí wọ́n ń wá ọmọ kẹta, ẹ fẹ́ kí n dìde níbẹ̀. Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Kò pariwo. Ó dá ìwé náà padà, ó wọlé lọ bọ́ bàtà kejì, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń pọn omi sínú bàsíà. Tíṣà yọ awò ojú, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ohun tó ya Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún tó, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Òun kò mọ̀ ọ́n sọ rí.

Nígbà tó ròyìn nílé, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa orúnkún fún ìgbà pípẹ́. "Ó gbọ́n," ó wí níkẹyìn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tọkọtaya kan ní àjà kejì gbà láti bá wọn pààrọ̀ ilé, nítorí pé àwọn fẹ́ atẹ́gùn. Àjà kejì sàn ju kẹrin lọ.

Abẹ́rẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó, ó sọ fún wọn. Èyí àbúrò sunkún. Àkọ́bí kò sunkún, ó kàn béèrè àdírẹ́sì Pẹ́pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè é sí yàrá kàlẹ́ńdà.

"Àmì pupa yín ti pọ̀ jù," oníkọ̀ǹpútà náà wí. "Kí la máa kọ sí i?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ara mi le," àkọ́bí Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Kò sí ohun mìíràn tó kàn yín níbẹ̀."

Wọ́n gbé e kúrò ní ẹ̀ka ìgéṣọ lọ sí ibi ìlọṣọ, níbi tí ooru ti ń bó ènìyàn lójú. Ó ṣe ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Òun ni Pẹ́pẹ́ kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe Abẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì sì ń kọ ọ́ síra wọn títí.

Nígbà tí Pẹ́pẹ́ gba ìsinmi, ó wá. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Níwájú àwọn èèyàn, ó ń pe Abẹ́rẹ́ ní Àǹtí. Bí wọ́n bá wà láwọn nìkan, kò pè é ní nǹkan kan, "ẹ wò ó" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n jọ ń ká aṣọ tó ti gbẹ.

"Ẹ wò ó," ó wí, "ibi tí wọ́n ti so yín, ṣé ó hàn?"

Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Àpá kan wà nísàlẹ̀ ìdodo, kò gùn ju ìdajì ìka lọ, ó sì ti funfun. Pẹ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa bó ṣe máa ń wo ìgò omi.

"Ó kéré."

"Ó kéré. Ogún ìṣẹ́jú ni."

Wọ́n padà sídìí aṣọ tí wọ́n ń ká.

Abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ títí ọdún rẹ̀ fi pé ọgọ́ta. Àkọ́bí rẹ̀ bí ọmọ kan nígbà tó wù ú, ó sì dúró síbẹ̀, gbogbo ìpè tí wọ́n pè é lẹ́yìn ìyẹn kò yí i lọ́kàn padà. Pẹ́pẹ́ kò tíì sọ bóyá òun yóò bí tàbí òun kò ní bí, wọn kò sì bi í. Abẹ́rẹ́ ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Tíṣà, ó ti wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún nísinsìnyí, nítorí ojú Tíṣà kò ríran dáadáa mọ́, ẹnì kan sì ní láti máa ka ìwé sí i létí ní ọ̀sán tí Pẹ́pẹ́ bá wà níbi iṣẹ́.